Ìrìn ẹsẹ̀ ní ìgbèríko Èmùrè-Ilé

Ìrìn ẹsẹ̀ ní ìgbèríko Èmùrè-Ilé jẹ́ rírìn ní ọ̀nà oko, nínú igbó àti ní àfonífojì odò ní àyíká ìlú Èmùrè-Ilé, ní agbègbè ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀wọ̀, àti káàkiri ilẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e títí dé agbègbè ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ́, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Ní agbègbè yìí, ìrìn ẹsẹ̀ kò bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìgbafẹ́. Iṣẹ́ oko, omi pípọn, ọjà níná, ọdẹ ṣíṣe, ọdún ìbílẹ̀ àti ìbẹ̀wò sí ọ̀dọ̀ ẹbí ni ó la àwọn ọ̀nà náà, àwọn náà ni ó sì ń mú kí wọ́n wà títí di òní.

Ọ̀nà ẹsẹ̀ yàtọ̀ sí ọ̀nà ọkọ̀ ní ti pé ẹsẹ̀ àwọn tí ń tọ̀ ọ́ ni ó ń tún un ṣe. Bí a bá pa á tì ní àkókò òjò kan péré, koríko a bò ó. Bí a bá pa á tì fún ọdún díẹ̀, igbó a gbà á padà. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ààbò tí ó ti dé bá àwọn oko àti igbó Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́ láti nǹkan bí ọdún 2020 kan àwọn ọ̀nà wọ̀nyí gbọ̀ngbọ̀n. Níbi tí ẹ̀rù kò bá ti jẹ́ kí àgbẹ̀ rìn dé oko, ọ̀nà, oko àti ìmọ̀ nípa ilẹ̀ náà ni ó ń pòórá pọ̀.

Ibi tí ó wà àti bí ilẹ̀ ṣe rí

Èmùrè-Ilé wà ní ìhà ìwọ̀-oòrùn ìlú Ọ̀wọ̀, ní agbègbè ọ̀nà ńlá tí ó so Ọ̀wọ̀ pọ̀ mọ́ Àkúrẹ́, olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Nǹkan bí kìlómítà 50 ni ó wà láàárín Àkúrẹ́ àti Ọ̀wọ̀. Ùsò jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìlú tí ó múlé tì í. Ọ̀rọ̀ náà "Ilé" tí ó wà ní ìparí orúkọ ìlú náà ni a fi ń dá a mọ̀ yàtọ̀ sí Èmùrè-Èkìtì. Inú ìpínlẹ̀ kan náà ni ìlú méjèèjì wà títí di ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 1996, nígbà tí ìjọba yọ Ìpínlẹ̀ Èkìtì kúrò lára Ìpínlẹ̀ Oǹdó.

Agbègbè ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ́, tí olú-ìlú rẹ̀ jẹ́ Ìfọ́n, bá ti Ọ̀wọ̀ pààlà. Ìdóànì wà lára àwọn ìlú tí ó wà ní apá àríwá rẹ̀, níbi tí òkè pọ̀ sí. Òkèlúsè wà ní apá gúúsù, níbi tí ilẹ̀ ti rẹlẹ̀, tí irú òkúta tí a fi ń ṣe sìmẹ́ńtì sì wà lábẹ́ ilẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní Ọ̀wọ̀, àpáta líle ti ayé àtijọ́ ni ó wà lábẹ́ erùpẹ̀. Àpáta wọ̀nyí a máa yọ jáde láàárín oko bí ẹ̀yìn erin, orí wọn sì ni àwọn ènìyàn ti máa ń sá èlùbọ́ àti ẹ̀gẹ́.

Agbègbè yìí wà ní ibi tí igbó ńlá ti gúúsù àti ilẹ̀ ọ̀dàn ti àríwá ti pàdé. Ẹni tí ó bá ń rìn láti ìhà Òkèlúsè lọ sí ìhà Ìdóànì yóò rí i pé igi ń dín kù díẹ̀díẹ̀, koríko sì ń ga sí i. Ìyípadà yìí kò wá láti ọwọ́ òjò nìkan. Ọ̀pọ̀ ọdún tí ènìyàn ti ń dá oko, tí wọ́n sì ń fi iná sun ilẹ̀, ti sọ apá kan nínú igbó di ọ̀dàn.

Ìtàn àwọn ọ̀nà ẹsẹ̀

Ìlú Ọ̀wọ̀ jẹ́ ìlú ọba láti ayé àtijọ́, ó sì wà ní àárín Ilé-Ifẹ̀ àti Benin. Ipò yìí hàn nínú iṣẹ́ ọnà rẹ̀, nítorí pé àwọn ère amọ̀ àti iṣẹ́ eyín erin Ọ̀wọ̀ ní àmì ìlú méjèèjì lára. Kí ọkọ̀ tó dé, ẹsẹ̀ ni ó gbé ọnà, ọjà àti ìròyìn láti ibì kan dé ibòmíràn, orí sì ni ó ru ẹrù. Ọ̀rọ̀ tí Yorùbá fi ń wọn ọ̀nà jíjìn, èyí ni ibùsọ̀, ti inú ìrìn bẹ́ẹ̀ wá: ibi tí arìnrìn-àjò ti ń sọ ẹrù kalẹ̀ kí ó sinmi ni ibùsọ̀, kí ó tó di ohun tí a fi ń túmọ̀ máìlì.

Ní ọ̀rúndún ogún, igi kòkó mú kí ọ̀nà tuntun pọ̀ sí i. Kòkó fẹ́ ilẹ̀ igbó tí ó tutù, nítorí náà àwọn àgbẹ̀ wọ inú ẹgàn lọ, wọ́n kọ́ abà, abà di abúlé, abúlé kọ̀ọ̀kan sì ní ọ̀nà tí ó so ó mọ́ ìlú. Nígbà tí ọ̀nà ọkọ̀ dé, ọ̀pọ̀ ẹrù tí orí ń rù tẹ́lẹ̀ di ti ọkọ̀ akẹ́rù. Kẹ̀kẹ́, lẹ́yìn náà ọ̀kadà, wọ àwọn ọ̀nà tí ó fẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ibi tí ọ̀kadà bá dúró sí títí dé ìdí ebè, ẹsẹ̀ ni ó kù.

Irú ọ̀nà tí ó wà

Àwọn ènìyàn agbègbè náà ń fi iṣẹ́ tí ọ̀nà ń ṣe dá a mọ̀. Ọ̀nà oko ni ó gbòòrò jù nínú àwọn ọ̀nà ẹsẹ̀, nítorí pé ojoojúmọ́ ni a ń tọ̀ ọ́, ẹni tí ó ru ẹrù sì gbọ́dọ̀ lè gbà á kọjá láìfi ara kọ́ igi. Ọ̀nà odò kúrú, ó sì sábà máa ń yọ̀ nítorí omi tí ń dà sílẹ̀ láti inú garawa àti korobá. Ọ̀nà ọdẹ tóóró, ó sì lè má hàn sí àlejò rárá. Ẹ̀ka igi tí a ṣẹ́ tàbí èèpo igi tí a fi àdá há ni àmì rẹ̀. Oríta, níbi tí ọ̀nà mẹ́ta ti pàdé, jẹ́ ibi tí a ti ń dúró de ara wa, tí a sì ti máa ń rí ẹbọ nígbà mìíràn.

Òwe Yorùbá kan sọ pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bákan náà ni ó rí ní àwọn oko Èmùrè-Ilé àti Ọ̀wọ̀. Ọ̀nà tí ó yá ní ọ̀gbẹlẹ̀ lè kún fún omi ní àkókò òjò, nítorí náà àgbẹ̀ tí ó mọ ilẹ̀ máa ń ní ju ọ̀nà kan lọ dé oko rẹ̀.

Ilẹ̀ oko

Ìrìn láti inú ìlú lọ sí oko máa ń gba ìpele kan lẹ́yìn òmíràn. Lẹ́yìn ilé tí ó kẹ́yìn ni oko etílé ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí a ti ń gbin ẹ̀gẹ́, ewébẹ̀, ata àti ilá. Àwọn àgbàlagbà tí agbára wọn ti dín kù àti àwọn tí ó ní iṣẹ́ mìíràn nínú ìlú ni ó sábà máa ń dá oko etílé, nítorí pé ìrìn rẹ̀ kò jìnnà.

Lẹ́yìn èyí ni oko iṣu àti àgbàdo. Ebè iṣu a tò lọ ní ìlà, igi tí iṣu ń fà lé lórí a sì dúró lórí rẹ̀. Iṣu wà lára àwọn ohun ọ̀gbìn tí ó ṣe pàtàkì jù ní Ọ̀wọ̀ àti àyíká rẹ̀. Láàárín àwọn oko wọ̀nyí ni ilẹ̀ tí a fi sílẹ̀ láti sinmi máa ń wà. Ewéko tí ó sábà máa ń gba irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni èyí tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Chromolaena odorata, tí ó ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà wá. Ní ilẹ̀ Yorùbá, àwọn kan ń pè é ní ewé Akíntọ́lá, àwọn mìíràn ń pè é ní ewé Awólọ́wọ̀, ní orúkọ àwọn olóṣèlú méjì tí wọ́n jọ du agbára ní Ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Ó máa ń dí ọ̀nà kíákíá, ṣùgbọ́n àwọn àgbẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ fún ohun kan: bí àdá bá gé ènìyàn, wọn a fún omi ewé náà sí ojú egbò kí ẹ̀jẹ̀ lè dá.

Oko kòkó ni ó tẹ̀ lé e. Ibẹ̀ ṣókùnkùn ju oko iṣu lọ, ilẹ̀ rẹ̀ sì kún fún ewé gbígbẹ tí ń dún lábẹ́ ẹsẹ̀. Ní àkókò ìkórè, a máa ń gbọ́ òórùn kíkan níbi tí a ti fi ewé ògẹ̀dẹ̀ bo èso kòkó kí ó lè gbóná fún bí ọjọ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà kí a tó sá a. Igi obì, ọ̀pẹ, ọsàn àti àgbálùmọ̀ sábà máa ń wà láàárín kòkó, wọ́n sì ń jẹ́ àmì ààlà láàárín oko ẹnì kan àti ti ẹnì kejì.

Igbó

Ẹgàn tí ó kù ní agbègbè náà ní àwọn igi bí ìrókò, àràbà, arère, àfárá, apá àti ahùn. Àràbà ni ó rọrùn jù láti dá mọ̀ ní òkèèrè, nítorí pé ó ga ju àwọn tí ó kù lọ, ìdí rẹ̀ sì yọ jáde bí ògiri. Akòko àti pèrègún tí a bá rí láàárín igbó sábà máa ń fi hàn pé ènìyàn ti gbé ibẹ̀ rí tàbí pé ojúbọ wà níbẹ̀. Nínú àwọn ẹranko igbó náà ni ẹtu, ìgalà, ọ̀yà, òkéte, ọ̀kẹ́rẹ́, akika àti oríṣiríṣi ọ̀bọ. Àwọn ẹyẹ ni arìnrìn-àjò máa ń kọ́kọ́ gbọ́ kí ó tó rí wọn, pàápàá ẹlúlùú tí ohùn rẹ̀ máa ń rinlẹ̀ láti inú igbó kékeré.

Àwọn igbó kan wà lábẹ́ àkóso ìjọba. Igbó ọba wà ní Ọ̀wọ̀, igbó ọba mìíràn sì wà ní Ìfọ́n, níbi tí a ti ya apá kan sọ́tọ̀ fún àwọn ẹranko ní agbègbè odò Ọ̀sẹ́. Ó yẹ kí ẹni tí ó bá fẹ́ wọ inú wọn gba àṣẹ. Ní apá kan nínú igbó ọba ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, a ti gé igi àbáláyé, a sì ti fi igi gẹdú àjèjì bíi tíìkì àti gmelina rọ́pò wọn. Irú igbó bẹ́ẹ̀ rọrùn láti rìn nínú rẹ̀, nítorí pé àwọn igi náà tò lẹ́sẹẹsẹ, ṣùgbọ́n ẹyẹ àti ẹranko kò pọ̀ níbẹ̀ bí ti ẹgàn.

Àwọn igbó mìíràn sì jẹ́ ti ìsìn ìbílẹ̀. Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ni Igbó Laja ní Ọ̀wọ̀, tí ó so mọ́ ìtàn Ọ̀rọnṣẹn, olorì Ọlọ́wọ̀ Rẹ́rẹ́ngẹ́jẹ́n. Gẹ́gẹ́ bí ìtàn náà ṣe sọ, Ọ̀rọnṣẹn ní èèwọ̀ mẹ́ta: a kò gbọdọ̀ lọ ilá lójú rẹ̀, a kò gbọdọ̀ da omi sí àgbàlá lójú rẹ̀, ẹni tí ó bá sì ti oko dé kò gbọdọ̀ ju ìdì igi sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Nígbà tí àwọn orogún rẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ ba èèwọ̀ náà jẹ́, ó sá wọ inú igbó, a kò sì rí i mọ́. Ọdún Ìgógò, tí wọ́n ń ṣe ní Ọ̀wọ̀ lọ́dọọdún, ni wọ́n fi ń bọlá fún un. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, Ekpo Eyo, onímọ̀ nípa ohun àtijọ́, wa ilẹ̀ ní Igbó Laja, ó sì rí àwọn ère amọ̀ tí a gbà pé wọ́n ti wà láti nǹkan bí ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún. Àwọn ère náà sọ Ọ̀wọ̀ di ìlú tí àwọn onímọ̀ iṣẹ́ ọnà mọ̀ káàkiri àgbáyé.

Àfonífojì odò

Odò méjì ni ó tóbi jù ní agbègbè náà. Odò Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ ń ṣàn láti ilẹ̀ Èkìtì wá sí gúúsù, ó sì gba ìlú Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ tí ó wà lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Ọ̀wọ̀ kọjá. Odò Ọ̀sẹ́, tí agbègbè ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ́ ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, ń ṣàn láti àríwá lọ sí gúúsù, ó gba ilẹ̀ Ìpínlẹ̀ Ẹdó, ó sì bá Odò Benin pàdé kí omi rẹ̀ tó dé òkun Àtìláńtíìkì. Àwọn odò kéékèèké tí kò lóǹkà ń ṣàn láàárín oko sínú àwọn odò ńlá.

Bí ènìyàn bá ń sọ̀ kalẹ̀ sí àfonífojì, erùpẹ̀ pupa ti orí òkè a di yanrìn tàbí ẹrẹ̀ dúdú, afẹ́fẹ́ a tutù, ògùrọ̀ àti ọparun a sì bẹ̀rẹ̀ sí í hàn. Igi tí ó wà létí odò sábà máa ń tóbi ju ti oko lọ, nítorí pé omi ń bọ́ gbòǹgbò wọn ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn àgbẹ̀ kò sì fẹ́ràn láti gé wọn tán. Àwọn igi wọ̀nyí ni ó ń di etí odò mú kí ọ̀gbàrá má baà wó o. Níbi tí a bá gé wọn, yanrìn a kún inú odò, omi a sì tètè gbẹ.

Afárá ọ̀nà oko kì í ju igi kan tàbí méjì tí a tẹ́ sórí omi lọ. Ní ọ̀gbẹlẹ̀, ọ̀pọ̀ odò kékeré a di adágún tí ó dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ní àkókò òjò, odò kan náà lè kún dé àyà ènìyàn láàárín wákàtí díẹ̀, bí òjò bá rọ̀ ní òkè odò tí kò sì rọ̀ níbi tí arìnrìn-àjò wà.

Àkókò ìrìn

Òjò sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹta tàbí Kẹrin, ó sì ń parí ní oṣù Kẹwàá tàbí Kọkànlá. Òjò a máa dín kù fún ìgbà díẹ̀ ní oṣù Kẹjọ. Àkókò yìí ni iṣu tuntun máa ń jáde, tí ọ̀nà oko sì máa ń kún fún àwọn tí ó ru ẹrù. Láti oṣù Kẹwàá títí di oṣù Kìn-ín-ní ni ìkórè kòkó tí ó pọ̀ jù. Ọyẹ́ ń fẹ́ ní oṣù Kejìlá àti Kìn-ín-ní: òwúrọ̀ a tutù, ètè a là, eruku a bo ewé létí ọ̀nà, òkè tí a ń rí láti òkèèrè kò sì ní hàn mọ́.

Oṣù Kejì àti Kẹta ni àkókò tí a ń sun oko. Ìrìn rọrùn nígbà náà nítorí pé ọ̀nà gbẹ, ṣùgbọ́n iná tí a dá sí oko lè bọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó dá a, bí afẹ́fẹ́ bá sì yí, ó lè dí ọ̀nà mọ́ arìnrìn-àjò.

Àṣà àti ìwà lójú ọ̀nà

Ìkíni ni òfin àkọ́kọ́ lójú ọ̀nà oko. Ẹni tí ń kọjá ni ó ń kọ́kọ́ kí ẹni tí ó bá níbi iṣẹ́. "Àrokò bọ́dún dé o" ni ìkíni fún ẹni tí ń roko, ẹni náà a sì dáhùn pé "Àṣẹ". Ẹni tí ó ṣe ọwọ́ lásán ni ó ń yà kúrò lọ́nà fún ẹni tí ó ru ẹrù. Ọmọdé kì í kọjá lára àgbà láìkí i, àlejò tí kò bá sì kí ẹnikẹ́ni ni a máa ń fura sí. Ìkíni kì í ṣe ọ̀wọ̀ nìkan. Ó jẹ́ ọ̀nà láti mọ ẹni tí ó wọ inú oko, ibi tí ó ti ń bọ̀ àti ibi tí ó ń lọ.

Àwọn àmì kan wà tí arìnrìn-àjò gbọ́dọ̀ mọ̀. Ààlè, tí ó lè jẹ́ àkísà, ìkarahun ìgbín tàbí igbálẹ̀ ògbólógbòó tí a so mọ́ igi, ń kìlọ̀ pé ohun tí ó wà níbẹ̀ ní olówó, kí ẹnikẹ́ni má mú un. Màrìwò tí a ta sí ojú ọ̀nà ń sọ pé ibi ìsìn ni ó wà níwájú, kí ẹni tí kò bá ní àṣẹ má kọjá. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹni tí ebi bá ń pa lójú ọ̀nà lè jẹ nínú èso oko tí ó bá kọjá lára rẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ dì í lọ sílé.

Àwọn tí ń lo ọ̀nà ni ó ń yẹ ọ̀nà. Àwọn tí oko wọn wà ní ìhà kan náà a mú àdá, wọn a gé koríko àti ẹ̀ka igi tí ó ti dí ọ̀nà, wọn a sì tún afárá igi ṣe. Iṣẹ́ yìí máa ń wáyé ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní òpin àkókò òjò, tàbí kí ọdún ìbílẹ̀ tó wọlé. Ẹni tí kò bá jáde fún iṣẹ́ náà lè san owó ìtanràn.

Ìrìn ìgbafẹ́ ní agbègbè náà àti ní ibòmíràn

Ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ibi tí a mọ̀ jù fún ìrìn ìgbafẹ́ ni Òkè Ìdànrè, níbi tí àtẹ̀gùn rẹ̀ ti ju 600 lọ, tí àlejò sì ń gùn ún lọ sí ìlú àtijọ́ tí àwọn ará Ìdànrè fi sílẹ̀ ní ọ̀rúndún ogún. Ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo wọ inú àkójọ ohun ìní àjogúnbá àgbáyé ti UNESCO ní ọdún 2005. Ní Èmùrè-Ilé àti Ọ̀wọ̀, ìrìn inú igbó àti oko ṣì jẹ́ ti àwọn onílé ju ti àlejò lọ. Àlejò tí ó bá fẹ́ rìn sábà máa ń bá ọmọ onílẹ̀ tàbí ọdẹ jáde.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ ọ̀nà ẹsẹ̀ di ọ̀rọ̀ òfin. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹrin ọdún 1932, àwọn òṣìṣẹ́ láti Manchester àti àyíká rẹ̀ fi ẹsẹ̀ wọ òkè Kinder Scout láìgba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀, a sì sọ díẹ̀ nínú wọn sí ẹ̀wọ̀n. Òfin ọdún 2000 fún àwọn ará England àti Wales ní ẹ̀tọ́ láti rìn lórí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ òkè àti pápá. Òfin mìíràn níbẹ̀ gbà pé ọ̀nà tí gbogbo ènìyàn bá ti ń rìn ní gbangba fún 20 ọdún láìsí ìdènà lè di ọ̀nà gbogbo ènìyàn. Èrò yìí kò ṣàjèjì sí àgbẹ̀ Yorùbá, tí ó gbà pé ẹni tí ó ra ilẹ̀ kò ra ọ̀nà tí àwọn ẹlòmíràn ń gbà kọjá lórí rẹ̀.

Ewu àti ààbò

Àwọn ewu kan ti wà láti ìgbà pípẹ́. Paramọ́lẹ̀ máa ń dùbúlẹ̀ sínú ewé gbígbẹ, àwọ̀ rẹ̀ sì jọ ti ewé náà, nítorí náà bàtà tí ó bo ọrùn ẹsẹ̀ ṣe pàtàkì nínú oko kòkó. Tàkúté àti ẹbìtì ọdẹ lè wà lẹ́bàá ọ̀nà tóóró. Létí odò tí omi rẹ̀ ń yára ṣàn, kòkòrò dúdú kékeré kan tí ń jẹni lè gbé àrùn tí ń fọ́ ojú ká. Oògùn ivermectin ni a fi ń gbógun ti àrùn náà.

Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́ tún wà lára àwọn agbègbè tí ibà Lassa ti ń jà jù ní Nàìjíríà. Ìlú Lassa ní Ìpínlẹ̀ Borno, níbi tí a ti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n ní ọdún 1969, ni àrùn náà ti gba orúkọ. Eku kan tí ń gbé ní oko àti ilé ni ó ń gbé e kiri, ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ sì lè ba oúnjẹ jẹ́. Àrùn náà sábà máa ń pọ̀ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nítorí èyí, àwọn oníṣègùn ń gbani nímọ̀ràn pé kí a má sá oúnjẹ sí ilẹ̀ tàbí etí ọ̀nà, kí arìnrìn-àjò má sì jẹ oúnjẹ tí a kò bò mọ́lẹ̀ nínú abà. Ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tí ó wà ní Ọ̀wọ̀ jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn ibi tí a ti ń tọ́jú rẹ̀.

Ewu tí ó yí ìrìn padà jù ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí ni ti àwọn ajínigbé àti àwọn agbébọn. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kọkànlá ọdún 2020, àwọn agbébọn pa Ọba Adégòkè Adéúsì, Olúfọ́n ti Ìfọ́n, ní Elégbéka lójú ọ̀nà Ọ̀wọ̀ sí Ìfọ́n. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 2022, àwọn agbébọn kọlu ìjọ Kátólíìkì ti Francis Mímọ́ ní ìlú Ọ̀wọ̀, wọ́n sì pa nǹkan bí 40 ènìyàn.

Ìjọba Ìpínlẹ̀ Oǹdó gbé ìgbésẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà. Ẹgbẹ́ aláàbò Àmọ̀tẹ́kùn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2020, àwọn ọdẹ tí wọ́n mọ igbó dunjú sì wà lára wọn. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2021, Gómìnà Rótìmí Akérédolú, ọmọ bíbí Ọ̀wọ̀, pàṣẹ pé kí àwọn darandaran tí ó wà nínú igbó ọba kúrò níbẹ̀ láàárín ọjọ́ méje. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún kan náà, ó fi ọwọ́ sí òfin tí ó fi òpin sí fífi ẹran jẹko ní gbangba ní ìpínlẹ̀ náà.

Ipò tí àwọn ọ̀nà wà

Ohun mẹ́ta ni ó ń dín àwọn ọ̀nà ẹsẹ̀ kù. Èkíní ni ìyípadà nínú iṣẹ́: ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ń wá iṣẹ́ ní ìlú ńlá, oko tí ó jìnnà ni a sì ń kọ́kọ́ pa tì. Èkejì ni gígé igi gẹdú, nítorí pé ọkọ̀ tí ń kó igi máa ń la ọ̀nà tirẹ̀, tí ó sì ń ba ọ̀nà ẹsẹ̀ jẹ́. Ẹ̀kẹta ni ìbẹ̀rù, tí ó mú kí àwọn àgbẹ̀ kan fi oko ẹgàn sílẹ̀, kí wọ́n sì máa dá oko etílé nìkan. Bí ilẹ̀ etílé kò bá wá sinmi mọ́, agbára rẹ̀ a dín kù, oúnjẹ tí ó ń mú jáde a sì kéré sí i.

Àwọn tí wọ́n ṣì ń rìn ti yí ìṣe wọn padà. Wọn kì í sábà dá rìn, wọ́n ń lọ ní ẹgbẹ́, wọ́n sì ń kúrò lóko kí oòrùn tó wọ̀. Wọ́n ń sọ ọ̀nà tí wọn yóò gbà fún àwọn ará ilé, wọ́n sì ń fi fóònù pe ara wọn níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá wà. Àwọn ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ oko ṣì wà lẹ́bàá wọn ṣì mọ́, nítorí pé àwọn tí ń tọ̀ wọ́n pọ̀. Orúkọ odò kéékèèké, orí òkè àti oríta tí ó wà lójú àwọn ọ̀nà tí a ti pa tì kù sí ẹnu àwọn àgbàlagbà tí wọ́n rìn wọ́n nígbà èwe wọn.